Èéjí Ìyá Àgbà

Nígbà tí àwọn ará Ìsánlú wá kí wa lẹ́yìn ìsìnkú ìyá mi àgbà, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Wọn ò sọ ti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọn ò sọ ti àdúrà rẹ̀. Èéjí rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Bàbá arúgbó kan tó fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé jókòó, ó mu omi, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ká tún tó rí eléèjí bíi tirẹ̀, ó di ọ̀run." Bàbá mi wò mí. Èmi náà wò ó. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a sì gbé oúnjẹ wá.

Bí èèyàn bá ti kú, kíá làwọn aláàyè á bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ìyá mi àgbà lọ, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di áńgẹ́lì. Kì í ṣe áńgẹ́lì. Ó ń gbéra ga, ó ń jowú, ó sì lè bá èèyàn yan odì fún odidi ọdún nítorí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ohun tó dáa jù lọ nínú gbogbo ohun tó ṣe lójú mi, òun náà ló tì í lójú jù lọ. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, kí àtúnṣe náà tó pọ̀ jù.

Ní Kwali la ń gbé. Tíṣà ni bàbá mi. Láti Ìsánlú, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara nígbà náà, ni wọ́n ti gbé e wá sí ilẹ̀ Abuja, nígbà tí Abuja ṣì jẹ́ eruku àti katapílà, tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣì jókòó sí Èkó tó ń sọ pé òun ń bọ̀. Ìyá Àgbà tẹ̀ lé wa wá torí ó ní ọmọ òun ò mọ ọmọ tọ́. Bàbá mi yìí, tó ń tọ́ àádọ́ta ọmọ ọlọ́mọ nínú kíláàsì kan ṣoṣo.

Àárọ̀ ni ìjọba tirẹ̀. Kí oòrùn tó yọ, á ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, orín àtà kan á wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọ̀pá àṣẹ. Àwa ọmọ mẹ́rin á tò síwájú rẹ̀.

"Yanu."

A ó yanu. Á gbá wa lágbọ̀n mú, á yí ojú wa síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á wo òkè, á wo ìsàlẹ̀, á sì gbóòórùn. Ẹni tó bá yege á lọ mu ẹ̀kọ. Ẹni tí kò bá yege á gba orín àti ife omi oníyọ̀, á padà sẹ́yìn ilé. Orín tó wà lọ́wọ́ òun alára, n kò rí i kó fi kan eyín rí. Ó ní òun ti run tòun kí àwa ọ̀lẹ tó jí, a sì gbà bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin kan wà tí kì í ní sùúrù. Lọ́jọ́ kan ó ki orín bọ ẹnu, ó ń fi gbo eyín gbìrìgbìrì bí ẹni tó ń ha ìdí ìkòkò, kó lè tètè lọ jẹun. Ìyá Àgbà gba orín náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìka kan èrìgì rẹ̀, ẹran pupa tó di eyín mú, níbi tó ti bó. Ó ní, "Èyí ni ilẹ̀, eyín ni igi. Bí o bá ń ṣá ilẹ̀ ìdí igi, igi ò ní bá ẹ jà. Yóò kàn wó ni."

Ìjà rẹ̀ pẹ̀lú bàbá mi dá lórí ọṣẹ ìfọyín. Bàbá mi gbàgbọ́ nínú ọ̀làjú, ó sì máa ń ra ọṣẹ náà, èyí tó wà nínú ọ̀rá gígùn tí wọ́n ń tẹ̀ nídìí. Ìyá Àgbà ò fẹ́ rí i. Á gbé e sókè láàárín pálọ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á yínmú. "Ohun tó dùn báyìí," á ní, "ta ni yóò wá fọ òun alára kúrò lẹ́yìn eyín?" Bàbá mi á ní, "Ìyá mi, àwọn òyìnbó ń lò ó." Á ní, "Mo ti rí eyín òyìnbó."

Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé ọṣẹ náà kì í pẹ́ tán. Àwa ọmọ ń rọra lò ó torí ẹ̀rù bàbá wa, síbẹ̀ kí oṣù tó pé, ọ̀rá á ti pẹ̀lẹ́bẹ́ bí ewé. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi tò wá sórí ìkúnlẹ̀, ó ní kí ẹni tó ń lá ọṣẹ jẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́ torí kò sẹ́ni tó ń lá a. Gbogbo wa la jẹ pàṣán. Ìyá Àgbà wà níbẹ̀, ó jókòó bí adájọ́, ó káwọ́ mọ́ àyà. Nígbà tí ẹkún wa rọlẹ̀, ó ní, "Ẹni tó ń jí i, Ọlọ́run ń wò ó."

Ó tún bá ìyá kan jà, ẹni tó ń ta bàbá dúdú, súìtì dúdú tí wọ́n fi àgbọn ṣe, lẹ́nu géètì ilé ìwé wa. Ìyá Àgbà rin ìrìn náà lẹ́sẹ̀ nínú oòrùn, ó dúró ti igbá obìnrin náà ní àkókò ìsinmi, ó sì ń sọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá nawọ́ pé, "Ṣé o ti dágbére fún eyín rẹ?" Àwọn ọmọ ń sá. Obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí oúnjẹ jẹ." Ìyá Àgbà ní, "Èmi náà ń fẹ́ kí àwọn wọ̀nyí rí nǹkan fi jẹ oúnjẹ ni."

Ojú ń tì mí lọ́jọ́ yẹn débi pé mo sá pamọ́ sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n ìtìjú ọ̀hún kò pọ̀ tó ìgbéraga tí mo fi ń pè é ní ìyá mi àgbà lọ́jọ́ Sunday. Ìyá Eléèjí ni gbogbo Kwali ń pè é. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí àwa ará Kwara ń lọ, òun ló ń dá orin fún àwọn ìyá, bó bá sì ti yanu, àlàfo kékeré yẹn á yọ láàárín eyín òkè méjèèjì, rẹ̀gí, bí ẹni fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Àwọn ọkùnrin tó ti darúgbó á gbàgbé ìwé orin lọ́wọ́. Ó mọ̀. Á tún dá ẹsẹ kan náà lẹ́ẹ̀kejì.

Bó ṣe ń jẹun pàápàá wù wá. Kì í fa ẹran ya. Ọ̀bẹ ló fi ń gé e wẹ́wẹ́ bí ìyàwó gómìnà. Kì í já àgbàdo lórí ṣùkù. Á fi àtàǹpàkò rẹ́ ẹ sínú àwo, á gún un díẹ̀, á fi ṣíbí jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá fún un ní obì, á gbàdúrà sí i dáadáa, á wá pín in fún àwọn tó jókòó tì í. A rò pé ọ̀làwọ́ ni. Ìyá mi ní kí á máa wo ara rẹ̀ kọ́ ìwà ọmọlúàbí, a sì ń kọ́ ọ. Odidi ọdún kan ni mo fi ń fi ṣíbí jẹ àgbàdo sísun níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Gbogbo wa la jogún imú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò jogún èéjí. Bí àlejò bá wá, wọ́n á wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á káàánú wa. Wọ́n bi í níṣojú mi nígbà kan pé, "Ìyá, ta lẹ máa wá fi èéjí yìí sílẹ̀ fún?" Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ẹ̀bùn Ọlọ́run kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń pín."

Ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí n kò rán an. Àyà mi ń ro mí, irorẹ́ ń sú mi lójú, èrìgì mi sì wú, ó pupa bíi tòmátò. Bí mo bá ti fi búrọ́ṣì kàn án, ẹ̀jẹ̀ á yọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ẹni tó bá rọra fi ọgbẹ́ sílẹ̀, ọgbẹ́ náà á san, ni mo bá ṣíwọ́ fífọ eyín. Ọṣẹ ni mo ń fi pa ahọ́n kí ẹnu lè ta sánsán. Mo ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, a kì í sì í pe ọmọ sẹ́kọ́ńdírì síbi ìyẹnuwò àárọ̀. Ìyá Àgbà ní ìtìjú nìkan ti tó láti mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa fọ eyín. Ìtìjú kò fọ eyín kankan. Ẹ̀jẹ̀ náà wá pọ̀ sí i, ó tún ń yọ bí mo bá jẹ búrẹ́dì lásán.

Síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń dùn mí lọ́kàn. Èéjí ni mo ń fẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi Sàlímá náà ń fẹ́ ẹ. Ará Ìwó ni àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń wa lọ́rì tó ń kó yanrìn lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé lágbègbè Garki. Àwa méjèèjì jọ ń jókòó ní kíláàsì. Òun ló kọ́kọ́ rí Dókítà Ẹ̀rín.

Dókítà Ẹ̀rín ni ọkùnrin náà ń pe ara rẹ̀. Ó máa ń wá lọ́jọ́ ọjà, á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ibi tí wọ́n ń to ìkòkò sí. Ó wọ kóòtù funfun tí wọ́n rán fún ẹni tó sanra jù ú lọ. Lórí tábìlì rẹ̀, ó tẹ́ fáìlì irin kéékèèké, irú èyí tí káfíńtà fi ń pọ́n ayùn, àti dígí kan, àti ife omi kan tí gbogbo oníbàárà ń fi ṣan ẹnu. Fáìlì yẹn ló fi ń ha àárín eyín iwájú méjèèjì títí àlàfo á fi là. Bí Ìyá Àgbà bá ti ń kọjá, á dìde, á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú eruku.

"Màmá wa Eléèjí! Ẹ rẹ́rìn-ín fún wa kí ọjà lè tà!"

Ìyá Àgbà á rẹ́rìn-ín. Ó ń wù ú. Ó máa ń dúró pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí àwọn ọmọbìnrin bá pé jọ, ọkùnrin náà á nawọ́ sí i, á ní, "Ẹ wo ẹwà! Ohun tí Ọlọ́run ṣe fún ìyá, èmi lè fi ogún ìṣẹ́jú ṣe é fún yín." Ìyá Àgbà á fi ìborùn gbá a lẹ́jìká, á ní, "Ẹlẹ́tàn ni ẹ́," á sì rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì.

Ni Sàlímá bá lọ. Èmi náà ti fi orúkọ sílẹ̀, mo wá ń tu owó rẹ̀ jọ.

Fún ọ̀sẹ̀ kan, Sàlímá ni ọba kíláàsì wa. Kò rẹ́rìn-ín tán tó fi tún ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà dínkù. Omi tútù ń ta á léyín bí abẹ́rẹ́. Ó wá di pé ó ń fi ìborùn bo ẹnu, ó ní òun ti ń mú ẹ̀sìn ní òkúnkúndùn. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó wá sílé wa. Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn ilé. Sàlímá kúnlẹ̀ kí i, ohùn rẹ̀ ò já gaara. Ìyá Àgbà gbé orí sókè.

"Ṣí i."

"Màmá, kò sí nǹkan."

"Mo ní ṣí i."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà wú débi pé imú rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọyún ń sun lẹ́bàá eyín. Ìyá Àgbà gbá a lágbọ̀n mú, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí sí ẹ?"

"Dókítà Ẹ̀rín ni, Màmá."

"Kí lo lọ wá lọ́dọ̀ ẹni bẹ́ẹ̀?"

Omi bọ́ lójú Sàlímá. Ó ní, "Mo fẹ́ kó dà bíi tiyín ni."

Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Ó jókòó, àwo ẹ̀wà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù wá bà mí, mo jẹ́wọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí: pé èmi ló kàn. Ó ní kí èmi náà yanu. Ó wo èrìgì mi, ó gbóòórùn. Ó ní, "Mo ń lé alásúìtì kiri ìlú. Èyí wà nínú ilé mi."

Ní ọjọ́ kejì ó kó èmi àti Sàlímá àti ìyá Sàlímá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn ní Gwagwalada. Dókítà eyín tó wà níbẹ̀ jẹ́ agùnbánirọ̀, ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀. Ó wo Sàlímá pẹ́. Ó ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ pé fáìlì ti ha ara líle eyín náà kúrò, ìdọ̀tí ti wọlé bá iṣan tó wà nínú rẹ̀, iṣan náà sì ti kú. Eyín kan kò ṣeé tún ṣe mọ́. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n yọ ọ́. Sàlímá tó lọ wá àlàfo kékeré, àlàfo ńlá ló gbé bọ̀.

Nígbà tó kàn mí, mo ń retí ìbáwí. Dókítà náà kò bá mi wí. Ó ní, "Ní ọjọ́ orí tìrẹ yìí, ara ń yí padà, èrìgì a máa tètè wú bí ìdọ̀tí díẹ̀ bá ti kàn án. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ torí kò mọ́. O wá rí ẹ̀jẹ̀, o ṣíwọ́ fífọ̀ ọ́, ó tún wá dọ̀tí sí i. Gba búrọ́ṣì tó rọ̀. Àárọ̀ àti alẹ́. Rọra fọ̀ ọ́ débi tí eyín ti pàdé èrìgì. Ẹ̀jẹ̀ á yọ lọ́jọ́ mélòó kan. Má sá fún un." Ó ha ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta kúrò lẹ́yìn eyín mi, ó sì fi hàn mí. Ìyá Àgbà tẹ́tí sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Dókítà wá yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n wo tiyín náà."

Ìyá Àgbà dìde lẹ́ẹ̀kan náà. "Tèmi ò ṣe nǹkan kan," ó ní, ó sì jáde lọ dúró nínú oòrùn.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó kọjú sí fèrèsé títí a fi dé Kwali.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, ó wọ aṣọ tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Bí a ṣe dé ibi máńgòrò, àwọn ọmọbìnrin bíi mẹ́fà ló ń dúró, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa wà níbẹ̀, ọmọ iléèwé kéú wà níbẹ̀. Ọ̀kan ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ti yanu sílẹ̀. Dókítà Ẹ̀rín rí wa, inú rẹ̀ dùn.

"Ìyá wa rè é! Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ! Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín fún wọn!"

"Ṣé ẹ fẹ́ rí i?" Ìyá Àgbà bi wọ́n.

"A fẹ́ rí i, Màmá!"

"Ṣé ẹ fẹ́ rí i dáadáa?"

Àwọn oníkòkò náà ti dìde. Ọlọ́kadà kan pa ẹ́ńjìnì ọ̀kadà rẹ̀. Ìyá Àgbà ki ìka méjì bọ ẹnu, ó fà, èéjí náà sì jáde sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ètè rẹ̀ ká sínú. Obìnrin tí mo bá jáde nílé kò sí níbẹ̀ mọ́, ìyá arúgbó kan tí n kò rí rí ló dúró, ó na ọwọ́ jáde. Eyín òkè tó wà lórí nǹkan pupa kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àlàfo wà láàárín wọn, rẹ̀gí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohun tó jáde kò yé ẹnikẹ́ni. Afẹ́fẹ́ ni, àti itọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíì tẹ̀ lé e. Kò pẹ́, gbogbo abẹ́ máńgòrò ń rẹ́rìn-ín. "Kai!" ni àwọn kan ń ké. Ìyá Àgbà dúró. Ó dá eyín náà padà sẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́ kó wọlé, ó nu ètè rẹ̀, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí ẹnì kan fi irin ṣe èéjí fún mi. Abẹ́ igi báyìí ló jókòó sí. Wọ́n pọ́n mi lé fún ọdún méjì. Ní ọdún kẹta, eyín kan dúdú. Ìkejì tẹ̀ lé e. Èrìgì mi jẹrà, mo sì bò ó mọ́ra torí ìtìjú, títí àwọn tó kù fi ń mì. Nígbà tí mo fi bí ọmọ kẹta, ọwọ́ ni mo fi ń bo ẹnu kí n tó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ṣe èyí fún mi ní Kàdúná ní òun á dí àárín rẹ̀ pa. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dá àlàfo sí i, kí wọ́n má baà bi mí pé èéjí mi dà." Ó wo àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Irọ́ lẹ ti ń yìn. Èmi náà sì ń bá yín yìn ín."

Ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì pa ẹnu dé. Ó dìde.

Dókítà Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í kó fáìlì rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Màmá, ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́."

Ìyá Àgbà ní, "Iṣẹ́ rẹ ti ba tèmi jẹ́ kí wọ́n tó bí ẹ."

Ìròyìn náà dé ilé ṣáájú wa. Bàbá mi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyá mi, ogójì ọdún ni mo ti mọ̀ yín." Ó dá a lóhùn pé, "Ẹ̀rín mi lo mọ̀. Ta ló ní kí o wo inú ẹnu?" Mo rí i tí nǹkan kan ń yé bàbá mi díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ọṣẹ ìfọyín." Ìyá Àgbà gbójú sókè, ó ń wo òrùlé.

Àwọn tó bá gbọ́ ìtàn yìí á rò pé Kwali gbé e gẹ̀gẹ̀. Rárá. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà kúrò ní Ìyá Eléèjí, wọ́n ń pè é ní Ìyá Yọ-ọ́-ká-rí-i. Àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀ lé e lójú pópó. Odindi oṣù kan ni kò fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tó sì padà, ìyá mìíràn ti ń dá orin. Wọn ò dá a padà fún un. Ìyá tó gba orin náà kò lóhùn, ṣùgbọ́n gbogbo eyín rẹ̀ pé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin yẹn tún wá Dókítà Ẹ̀rín lọ sí ọjà mìíràn, ó ṣe èéjí náà, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe é títí di òní. Ẹwà rẹ̀ bùáyà. Ìyá Àgbà rí i, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Kó ṣáà máa fọ̀ ọ́."

Èmi ni mo jèrè. Láti ọjọ́ náà, àwa méjèèjì la jọ ń lọ sẹ́yìn ilé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, èmi pẹ̀lú búrọ́ṣì mi, òun pẹ̀lú abọ́ kékeré rẹ̀ àti ọṣẹ ìfọyín bàbá mi, tó ti wá ń lò ní gbangba. Ẹ̀jẹ̀ yọ ní ọjọ́ kìíní, ní ọjọ́ kejì, ní ọjọ́ kẹta. Mo fẹ́ jáwọ́. Ó jókòó tì mí láìní eyín lẹ́nu, ó ń fọ tirẹ̀, ó ń wo tèmi, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ tó ti wá ń yé mi dáadáa bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni: "Rọra. Má sá." Kí oṣù tó parí, mo tutọ́, itọ́ náà sì funfun. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó nínú eruku bí ẹni tó rí wúrà. N kò tíì rí ẹni tí itọ́ mi dùn mọ́ nínú tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó kú, èmi ni bàbá mi pè wọ yàrá kí wọ́n tó tẹ́ ẹ nítẹ̀ẹ́ ẹ̀yẹ, torí èmi nìkan ni mo mọ bí eyín náà ṣe ń wọlé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Ìsánlú fi rí ohun tí wọ́n rí.

Ṣùgbọ́n oṣù méjì ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà ọyẹ́, tí ara rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́, mo jókòó tì í lọ́sàn-án kan nínú yàrá. Mo bi í ní ohun tí n kò láyà láti bi í láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ọjọ́ ọjà yẹn, ṣé ẹ kábàámọ̀ rẹ̀?"

Ó fa aṣọ ìbora mọ́ra. Mo rò pé orin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń rò, tàbí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

"Ohun kan ni mo kábàámọ̀," ó ní.

Mo sún mọ́ ọn.

"Mo ti jẹ àkàrà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó yẹ kí n ti ṣan eyín náà kí n tó nà án sí wọn."